Ta ló ń darí ilé-iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ róbọ́ọ̀tì gan-an? Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Luminar àti Velodyne

Láti ìgbà tí Luminar, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe sẹ́ńsọ̀ mọ́tò àti róbọ́ọ̀tì, ti lọ sí kóòtù ní December 2025 láti sọ pé apá òun ò ká gbèsè mọ́, ariwo ò tíì rọlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Ìbàdàn tó ń ra ṣíà Amẹ́ríkà lórí fóònù. Ẹ wọ grúùpù WhatsApp àwọn tó ń lo Bamboo tàbí Risevest, ẹ máa rí i. Ẹnìkan á ní bọ́ọ̀dù ló dìtẹ̀ mọ́ ọmọkùnrin tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹlòmíì á ní irọ́ ni, òun fúnra ẹ̀ ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹnìkẹta á wá ju fọ́tò àwọn bàbá onísúùtù kan sáàárín wọn pé ṣebí àwọn èèyàn ńlá báyìí ló wà nídìí ẹ̀, báwo ló ṣe wá wó. Níbi tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Queen Cinema náà, wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìbéèrè àwọn ọmọ Agbowó tó ń kan róbọ́ọ̀tì fún project wá yàtọ̀ sí ti gbogbo wọn: "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá fọwọ́ ara mi dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ṣé ẹnìkan lè wá lé mi jáde níbẹ̀ ni?"

Ó ṣeéṣe. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú òwò sẹ́ńsọ̀ yìí nìkan. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé wọ́n máa ń kó CEO (ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́), bọ́ọ̀dù (ìgbìmọ̀ tó wà lórí ẹ̀), adáfáísà (olùdámọ̀ràn) àti àwọn olówó tó wà lẹ́yìn pọ̀ sójú kan, bẹ́ẹ̀ agbára tó wà lọ́wọ́ kálukú wọn ò jọra rárá.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an ní Luminar?

Austin Russell ló dá Luminar sílẹ̀ ní 2012, ọmọ ọdún 17 ni nígbà yẹn. Ó wọ Stanford, kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi jáde, torí Peter Thiel, olówó Amẹ́ríkà kan, ní ètò kan tó ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní $100,000 pé kí wọ́n fi ìwé kíkà sílẹ̀ kí wọ́n lọ kọ́ nǹkan tiwọn, Russell sì wà lára àwọn tó gbà á. Lidar ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tí mọ́tò àti róbọ́ọ̀tì fi ń mọ ohun tó wà níwájú wọn. Ní December 2020 ni ṣíà ẹ̀ bọ́ sí Nasdaq, ọjà ṣíà Amẹ́ríkà, bí ọmọ ọdún 25 ṣe di olówó bílíọ̀nù nìyẹn, tí Forbes sì ń pè é ní ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú àwọn tó fọwọ́ ara wọn débẹ̀.

Àmọ́ kò dá a ṣe o, èyí táwọn èèyàn kì í sọ nìyẹn. Jason Eichenholz wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdásílẹ̀ kejì àti olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti léésà kí Russell tó jáde níléèwé. Ọmọdé ló wà nínú fọ́tò, àgbà wà nínú lááàbù.

Nígbà tó di May 2025 ni ilé-iṣẹ́ náà kéde pé Russell ti fi ipò CEO, ipò ààrẹ àti ipò alága bọ́ọ̀dù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní ìwádìí kan tí ìgbìmọ̀ aṣàyẹ̀wò nínú bọ́ọ̀dù ṣe lórí ìlànà ìwà níbi iṣẹ́ ló bí i. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n rí, ohun tí wọ́n kàn fi kún un ni pé ọ̀rọ̀ náà ò kan ìṣirò owó ilé-iṣẹ́. Ibi tí ohun tí wọ́n sọ síta parí sí nìyẹn, torí náà ẹni tó bá ń sọ fún yín lórí WhatsApp pé òun mọ ohun tó ṣe, ẹ bi í léèrè ibi tó ti gbọ́ ọ. Paul Ricci ni wọ́n gbé síbẹ̀, ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún darí Nuance, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn èèyàn.

Ní October ọdún náà, Russell padà wá láti ẹ̀gbẹ́ kejì: ó dá Russell AI Labs sílẹ̀, ó sì ní òun fẹ́ ra Luminar. Kò tíì sí ohun tó jọ ọ́ nígbà tí àdéhùn Volvo já ní November, Volvo tó jẹ́ pé òun ni oníbàárà tó tóbi jù. Ní ọjọ́ 15 December wọ́n wọ Chapter 11, ìyẹn ètò òfin Amẹ́ríkà fún ilé-iṣẹ́ tí apá ẹ̀ ò ká gbèsè mọ́, ní kóòtù kan ní Texas, wọ́n sì kéde níbẹ̀ pé àwọn ti bá Quantum Computing Inc. ṣàdéhùn láti ta ẹ̀ka tó ń ṣe ṣíìpù fún wọn ní $110 mílíọ̀nù.

Kí ni lidar yìí tiẹ̀ ń ṣe?

Tẹ́ ẹ bá ti dé ibi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kan róbọ́ọ̀tì n'Íbàdàn, bóyá ní Poly, bóyá ní UI, bóyá ní RAIN níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ róbọ́ọ̀tì àti AI, ẹ ti rí àbúrò lidar. HC-SR04 ni wọ́n ń pè é, pátákó pẹlẹbẹ kékeré kan aláwọ̀ búlúù, irin roboto méjì dúró síwájú ẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní tí wọ́n ń ki wáyà sí. Èyí àkọ́kọ́ nínú irin roboto yẹn á ju ìró tí etí èèyàn ò lè gbọ́, èkejì á dúró dè é kó lọ kan nǹkan kó padà wá, Arduino, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n so ó mọ́, á wá ka àsìkò tó lò lọ tó lò bọ̀, á fi mọ bí nǹkan náà ṣe jìnnà tó. Láti 2 cm dé nǹkan bíi mítà 4 ló lè wọ̀n. Tí ẹ bá na ọwọ́ síwájú ẹ̀, nọ́ńbà tó wà lójú kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń sún mọ́ ọn. Tí ẹ bá wá fi aṣọ tó nípọn tàbí fóòmù sílẹ̀ fún un, nọ́ńbà á bẹ̀rẹ̀ sí í fò kiri torí aṣọ gbé ìró mì, kò dá a padà.

Ìmọ́lẹ̀ ni lidar ń lò ní tiẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ sì ń rin nǹkan bíi 30 cm láàárín nanosecond kan, ìyẹn tí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan. Tí ògiri kan bá wà ní mítà 30 síwájú mọ́tò, léésà á lọ, á bọ̀, láàárín nanosecond 200 péré. Ẹ̀rọ tó fẹ́ ka àsìkò tó kéré tó báyìí, tó fẹ́ ṣe é lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá, nínú oòrùn, nínú òjò, lórí títì tó ń gbọ̀n, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń kàn lọ́sàn-án kan. Ìdí tó fi wọ́n nìyẹn, ìdí tí owó rẹpẹtẹ fi wọ inú ẹ̀ nìyẹn.

Níbi ìmọ́lẹ̀ yìí náà ni ìpinnu olórí ti wọ ọ̀rọ̀. Luminar yan léésà tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ gùn tó 1550 nm (nanometer). Àǹfààní ẹ̀ ni pé omi inú ẹyinjú máa ń gbé e mu kó tó dé ẹ̀yìn ojú, torí náà wọ́n lè fún un lágbára gan-an láì ba ojú èèyàn jẹ́, á sì ríran jìnnà. Wàhálà ẹ̀ ni pé ohun tó ń gba irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé kì í ṣe silicon tó wà káàkiri tó sì pọ́ọ́kú, indium gallium arsenide ni, ọwọ́n gbáà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kù yan 905 nm tó lè lo silicon. Ìpinnu yìí ti wáyé látìgbà tí ilé-iṣẹ́ ṣì kéré, ọwọ́ àwọn èèyàn díẹ̀ ló wà, òun náà ló sì wà nídìí iye tí wọ́n lè ta ọjà wọn ní gbogbo ọdún tó tẹ̀lé e.

Báwo ni wọ́n ṣe ń lé ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀?

Ẹ wo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò yín. Ẹni tó pe àwọn èèyàn jọ níjọ́ kìíní lè jẹ́ ààrẹ fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n lè máa pè é ní bàbá ẹgbẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ti wọ àpótí, àpótí yẹn ti kúrò ní tiẹ̀ nìkan, ìgbìmọ̀ lè ní kó mú ìwé wá, ìpàdé gbogbogbò sì lè ní kó jókòó. Bọ́ọ̀dù ni ìgbìmọ̀ yẹn. CEO, bó ti wù kó lókìkí tó, òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀dù ni: àwọn ló gbà á síṣẹ́, àwọn ló lè dá a dúró.

Àwọn olùdásílẹ̀ ti mọ èyí tipẹ́, wọ́n sì ti wá ọgbọ́n sí i. Ọgbọ́n náà ni ṣíà oríṣi méjì. Ní Luminar, ṣíà tí èmi àti ẹ̀yin lè rà ní ìbò kan, èyí tó wà lọ́wọ́ Russell, Class B, ní ìbò mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí gbogbo ayé bá pé jọ dìbò, ọwọ́ ẹ̀ ṣì lè bo tiwọn. Kí ló wá dé tó fi kúrò?

Torí pé ìbò ọjọ́ ìpàdé gbogbogbò yàtọ̀ sí iṣẹ́ bọ́ọ̀dù ojoojúmọ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá wà lórí Nasdaq gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ aṣàyẹ̀wò nínú bọ́ọ̀dù ẹ̀, àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n lè gba lọ́yà tiwọn, wọ́n lè ṣèwádìí ẹnikẹ́ni títí kan alága fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá mú àbọ̀ wá pé nǹkan ò dáa, tí bọ́ọ̀dù sì mọ̀, tí wọ́n wá dákẹ́, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa gbé lọ sí kóòtù. Torí ẹ̀ ni wọn kì í fi í dákẹ́. Olùdásílẹ̀ lè fi ìbò ẹ̀ yí bọ́ọ̀dù padà nígbà tó bá yá, àmọ́ láàárín ìgbà yẹn, kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ló máa ń rọrùn jù fún gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn. Torí náà àwọn méjèèjì tó ń jà lórí WhatsApp yẹn, ẹni tó ní wọ́n lé e àti ẹni tó ní òun ló fúnra ẹ̀ lọ, irọ́ ò sí lẹ́nu ìkankan nínú wọn pátápátá.

Ṣé Luminar nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí?

Rárá o, Velodyne, ilé-iṣẹ́ lidar míì, ti ṣe tiẹ̀ ṣáájú, tiẹ̀ tún gbóná ju èyí lọ.

David Hall dá Velodyne sílẹ̀ ní 1983, spíkà ló sì ń ṣe, àwọn spíkà oníbéèsì tó ń mi ilé tìtì yẹn. Nígbà tí DARPA, ẹ̀ka ìwádìí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, gbé ìdíje mọ́tò tí kò ní awakọ̀ kalẹ̀ ní 2004, kò sí mọ́tò kankan tó parí eré náà, aṣálẹ̀ ni gbogbo wọn ti kú sí, èyí tó rìn jìnnà jù kò tó kìlómítà 12. Hall àti àbúrò ẹ̀ wà lára àwọn tó díje. Ohun tó rí níbẹ̀ ló gbé e délé, ó wá kan lidar tó ń yí po, tó ń wo gbogbo àyíká lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí DARPA tún ṣe ìdíje ti ìgboro ní 2007, mọ́tò mẹ́fà ló parí, márùn-ún nínú wọn ló gbé lidar Velodyne lórí. HDL-64E ni orúkọ ẹ̀, léésà 64 nínú ẹ̀rọ kan, nǹkan bíi $75,000 lówó ẹ̀, owó mọ́tò tuntun lórí mọ́tò.

Ní 2020 ni Velodyne bọ́ sí ọjà ṣíà. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2021, bọ́ọ̀dù yọ Hall nípò alága, wọ́n yọ ìyàwó ẹ̀ Marta Hall náà nípò olórí ẹ̀ka ìpolówó, wọ́n ní ìgbìmọ̀ aṣàyẹ̀wò ti wádìí, ó sì hàn pé àwọn méjèèjì ò hùwà tó tọ́ sí bọ́ọ̀dù àti ìlànà ilé-iṣẹ́. Hall ò gbà. Òun sì ni ṣíà tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ ẹ̀, torí náà nígbà tó di May ọdún náà ó kọ lẹ́tà síta gbangba, ó ní ilé-iṣẹ́ ti ń bà jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń darí ẹ̀, kí CEO àti àwọn kan nínú bọ́ọ̀dù kúrò níbẹ̀. Anand Gopalan tó jẹ́ CEO fipò sílẹ̀ ní July. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi wà láì ní CEO tó dúró re kí Ted Tewksbury tó dé ní November.

Àwọn tó wà lẹ́yìn Hall ní ẹni tó mọ ẹ̀rọ ni wọ́n fi àwọn tó mọ ìwé rọ́pò, pé ẹ ò lè ya orí kúrò lára ẹja kẹ́ ẹ tún ní kó máa lúwẹ̀ẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù ní ilé-iṣẹ́ tó ti gba owó ará ìta ò lè jẹ́ ti bàbá àti ìyá mọ́. Àríyànjiyàn náà ò parí, ilé-iṣẹ́ ló parí: ní November 2022 Velodyne àti Ouster kéde pé àwọn fẹ́ di ọ̀kan, ní February 2023 ó ṣẹ, orúkọ Ouster ló kù. Tewksbury di alága, Angus Pacala tó dá Ouster sílẹ̀ pẹ̀lú Mark Frichtl ní 2015 ló ń ṣe CEO. Pacala yìí náà, kó tó dá Ouster sílẹ̀, ó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ Quanergy, ilé-iṣẹ́ lidar míì tí òun àti Velodyne jọ fà á ní kóòtù lórí pátẹ́ńtì (ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe nǹkan). Òwò yìí ò fẹ̀, àwọn kan náà ló ń pàdé ara wọn kiri.

Kí ni SPAC, kí ló dé tí gbogbo wọn fi gba ibẹ̀ wọlé?

Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ ń gbà wọ ọjà ṣíà tẹ́lẹ̀ ni kó kó ìwé ẹ̀ síta, káwọn báńkì yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fowó lé e, kó tó tà. Ó ń pẹ́. SPAC ni kí àwọn olówó kan kọ́kọ́ kó owó jọ sínú kọ́ńpìnnì òfìfo kan, kí wọ́n gbé òfìfo yẹn wọ ọjà, kó wá lọ wá ilé-iṣẹ́ gidi tó máa dàpọ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ gidi yẹn á kàn bá ara ẹ̀ lójú ọjà. Velodyne bá Graf Industrial wọlé, Luminar bá Gores Metropoulos, Ouster bá Colonnade, Aeva bá InterPrivate. Láàárín 2020 sí 2021 ni gbogbo ìyẹn. Quanergy pẹ́ díẹ̀ sí wọn, February 2022 ló wọlé, December ọdún yẹn kan náà ló sì wọ Chapter 11.

Ohun tó kan ọ̀rọ̀ tiwa níbẹ̀ ni pé àwọn tó ni òfìfo náà kì í lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá dàpọ̀ tán. Wọ́n máa ń gba ṣíà pọ́ọ́kú, àwọn míì nínú wọn á sì jókòó nínú bọ́ọ̀dù. Alec Gores wọ bọ́ọ̀dù Luminar bẹ́ẹ̀. Olùdásílẹ̀ tó ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹnjiníà ẹ̀ ṣe ìpàdé á kàn jí lọ́jọ́ kan rí i pé àwọn tó jókòó yí tábìlì ká ti yàtọ̀. SPAC tún ń jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ sọ iye tó rò pé òun máa tà lọ́dún mẹ́rin márùn-ún síwájú, àwọn onílidar sì sọ ọ́ lẹ́nu kún, wọ́n ro pé mọ́tò tó ń wa ara ẹ̀ máa kún títì kíá. Kò kún. Ní tèmi o, ibí yìí ni gbòǹgbò wàhálà gbogbo wọn wà ju ìwà ẹnikẹ́ni lọ.

Àwọn adáfáísà ńkọ́, kí ni iṣẹ́ wọn?

Èyí ló ń tan àwọn èèyàn jù. Ẹ máa dé wẹ́bsáìtì ilé-iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ kan, ẹ máa rí "àwọn olùdarí wa", nísàlẹ̀ ẹ̀ "àwọn olùdámọ̀ràn wa", fọ́tò kan náà, ìwọ̀n kan náà, ẹ̀rín kan náà. Àwọn tòkè ní ìbò, òfin sì dì wọ́n mú: tí wọ́n bá fi ojú pa nǹkan rẹ́, wọ́n lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Àwọn tìsàlẹ̀ ò ní ìbò kankan. Wọ́n lè pè wọ́n lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọ́n lè fún wọn ní ṣíà díẹ̀, wọ́n sì lè máà pè wọ́n rárá.

Kò wá túmọ̀ sí pé wọn ò wúlò. Ilé-iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ nílò oríṣi mẹ́ta nínú wọn. Ọ̀kan ni ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ́lẹ̀ tàbí róbọ́ọ̀tì tó lè wo ìwé ẹnjiníà kó sọ pé èyí ò lè ṣiṣẹ́. Èkejì ni ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí nílé-iṣẹ́ mọ́tò, torí àwọn oníṣẹ́ mọ́tò lè fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin dán sẹ́ńsọ̀ kan wò nínú ooru, nínú yìnyín, kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ á pẹ́ níta. Àwọn ilé-iṣẹ́ míì tiẹ̀ máa ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ bọ́ọ̀dù gan-an. Matthew Simoncini tó ti ṣe CEO Lear, àwọn tó ń ṣe àga àti wáyà mọ́tò, jókòó ní Luminar. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó ti ṣe ìjọba tàbí ológun rí, fún ọjà tí wọ́n bá fẹ́ tà fún ìjọba.

Orúkọ ńlá nìkan ò sì dá nǹkan kan dúró. Theranos tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní George Shultz, ó ní Henry Kissinger, ó ní Jim Mattis nínú bọ́ọ̀dù ẹ̀, bọ́ọ̀dù gidi o, kì í ṣe adáfáísà, síbẹ̀ ní January 2022 kóòtù dá Elizabeth Holmes lẹ́bi pé ó lu àwọn tó dówó lé e ní jìbìtì. Nínú gbogbo àwọn bàbá yẹn, ó ṣòro láti rí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nínú lááàbù àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rí. Bẹ́ ẹ bá ń wo orúkọ nílé-iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀, ẹ wò ó bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀ tó lè bá ẹnjiníà jiyàn.

Ṣé olórí burúkú ló pa wọ́n, àbí ọjà ló pa wọ́n?

Ẹnu ò kò síbí yìí.

Àwọn kan ní ọjà ni. Ní Shanghai, Hesai ti wà láti 2014, àwọn mẹ́ta ló dá a sílẹ̀, Li Yifan sì ni CEO títí di òní. RoboSense náà wà ní Shenzhen. Àwọn oníṣẹ́ mọ́tò Ṣáínà ń ra lidar lọ́pọ̀ yanturu, bí wọ́n ṣe ń ṣe é pọ̀ sí i ni owó ẹ̀ ń já, tó fi jẹ́ pé Hesai ti ń sọ̀rọ̀ lidar tí kò tó $200. Ẹ rántí $75,000 yẹn. Àwọn róbọ́ọ̀tì tó ń gé koríko lágbàlá náà ti ń gbé lidar báyìí. Ẹni tó ń lo indium gallium arsenide kò lè bá wọn du irú owó bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ìjọba ni. Amẹ́ríkà ti ń gbìyànjú láti ká Hesai lọ́wọ́ kò, ní January 2024 iléeṣẹ́ ológun wọn fi orúkọ ẹ̀ sínú ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ní ó bá ológun Ṣáínà tan. Hesai ní irọ́ ni, wọ́n gbé wọn lọ sí kóòtù ní Washington, adájọ́ sì gbè sẹ́yìn iléeṣẹ́ ológun ní July 2025. Kò dí Hesai lọ́wọ́ láti máa tajà nílé.

Àwọn kan tún ní lidar gan-an ni kò yẹ kó sí. Elon Musk, olórí Tesla, ló ń sọ èyí jù, láti 2019 ló ti ní ẹni tó bá gbára lé lidar ti wọ gàù, kámẹ́rà tó. Waymo tó ń gbé èrò kiri láì sí awakọ̀ ò gbà fún un, lidar wà lórí mọ́tò wọn títí dòní. Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín: nínú ìwé owó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2024, Luminar kọ ọ́ pé Tesla ni oníbàárà lidar tó ra ọjà lọ́wọ́ àwọn jù.

Àwọn tó ń bá olórí wí ń tọ́ka sí Volvo. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tó bá jẹ́ kí oníbàárà kan ṣoṣo di òpó ilé, tó lọ kọ́ fáḱítọ̀rì nítorí ẹ̀, tó yá owó nítorí ẹ̀, ìpinnu bọ́ọ̀dù àti CEO nìyẹn, kò sí ti ọjà níbẹ̀. Volvo kọ́kọ́ dín iye tó máa rà kù, lẹ́yìn náà ó ní lidar ò ní sí lára mọ́tò EX90 wọn mọ́ láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 2026.

Tí ṣíà Luminar bá wà lọ́wọ́ mi ńkọ́?

Chapter 11 kì í ṣe pé wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Kóòtù á dá àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ ní gbèsè dúró kí wọ́n má wá fa nǹkan ya, ilé-iṣẹ́ á máa ṣiṣẹ́ lọ bó ṣe ń ta ohun tó lè tà. Nígbà tí owó bá wá jáde, ó ní bí wọ́n ṣe ń tò: àwọn tó yá wọn lówó tí wọ́n sì fi nǹkan ṣe ìdúró ló kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn wọn àwọn tó kù tí wọ́n jẹ ní gbèsè, lẹ́yìn gbogbo wọn pátápátá ni ẹni tó ní ṣíà. Owó kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ẹ rà á sí i torí ó ti já gan-an, kò tíì sọ ibi tí owó yẹn máa gbà dé ọ̀dọ̀ yín.

Ní Nàìjíríà níbí ńkọ́, ṣé wọ́n lè lé èmi náà?

Àwọn ọmọ Agbowó, tiyín rè é. CAMA 2020, òfin kọ́ńpìnnì Nàìjíríà, ló ń ṣàkóso ẹ̀. Òfin náà gbà kí ẹnìkan ṣoṣo dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀, tó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan lo ni gbogbo ṣíà, kò sẹ́ni tó máa lé ọ lọ síbì kan. Àmọ́ tó o bá ti gbowó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan, tó o fún un ní ṣíà, tó o tún fún ẹlòmíì, apá 288 nínú òfin yẹn sọ pé àwọn tó ní ṣíà lè fi ìbò tó lé ní ìdajì yọ olùdarí èyíkéyìí, àní kí ìwé àdéhùn ẹ sọ ohun tó yàtọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún ọ ní ìwé ṣáájú, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó o sọ tẹnu ẹ, tí àdéhùn iṣẹ́ ẹ bá sì ní owó nínú, o lè béèrè ẹ̀. Wọ́n lè yọ ọ́ ṣá. Torí náà, kó o tó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú olówó, iye ṣíà tó máa kù sí ẹ lọ́wọ́ ló yẹ kó o kọ́kọ́ kà, kó tó kan iye owó tí wọ́n fẹ́ san.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó wà nídìí kọ́ńpìnnì kan níbí, CAC ní ìwé àwọn tó ní àṣẹ tó nípọn níbẹ̀, láti orí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sílẹ̀, ó sì ṣeé wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún tàwọn ará Amẹ́ríkà, ẹ fi ojú ewé ẹlẹ́rìn-ín yẹn sílẹ̀, orí EDGAR, wẹ́bsáìtì SEC tó ń bójú tó ọjà ṣíà Amẹ́ríkà, ni kẹ́ ẹ lọ, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé DEF 14A ló máa sọ ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀dù, ìgbìmọ̀ tí kálukú wà àti iye tí wọ́n ń gbà. Tí CEO tàbí ọmọ bọ́ọ̀dù bá kúrò, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ní láti fi kọ ọ́ sínú 8-K, abala 5.02. Bí ẹ bá wá orúkọ Luminar níbẹ̀, ẹ wo ti May 2025, ẹ máa ka gbogbo ohun tí wọ́n gbà láti sọ fúnra yín.